Ẹnu Ara Mi Ni Mo Fi Gbé Iṣẹ́ Mi Fún Ọ̀gá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu mi ló kó bá mi o, kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé. Inú ń bí mi sí ara mi débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kí mi kú oríire ní Ìkìrun níbi tí mò ń gbé, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n bú sẹ́kún.

Ìmọ̀ kọ̀mpútà ni mo kà, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ohun tó wù mí ni kí kọ̀mpútà máa gbọ́ Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́ lágbègbè wa, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn màmá mi ní Òkukù ni mo kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn tó wà nínú kọ̀mpútà yẹn ò ní máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Láti ibẹ̀ mo dé Inísà, mo dé Ìbà, mò ń bẹ àwọn èèyàn lóko, mò ń bẹ̀ wọ́n nínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n jẹ́ kí n gba ohùn wọn. Ọkọ mi ní orí mi ti ń dàrú. Àfi bí kọ̀mpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wa! Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí wọ́n kọ́ mi níwèé, tí wọ́n sì bá mi wá iṣẹ́, ló ní kí n gbé e lọ sí àpérò àwọn onímọ̀ kọ̀mpútà ní Ìbàdàn. Àwọn náà bá mi lọ.

Mi ò lọ irú àpérò bẹ́ẹ̀ rí. Kálukú lẹ àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, ó dúró tì í. Obìnrin òyìnbó kan yà sọ́dọ̀ wa, mo tẹ ohùn màmá mi fún un, ó sì rí ọ̀rọ̀ wọn tó ń jáde lójú kọ̀mpútà. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Kíá ni mo tẹríba, mo nawọ́ sí ọ̀gá. Mo ní, "Àwọn ni o. Àwọn ló ṣe gbogbo ẹ̀, èmi kàn ń tẹ̀ lé wọn ni."

Ṣé ọmọ tí wọ́n tọ́ á ní "èmi ni" níṣojú àgbà? Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, tí àgbà á sì fèsì pé, "Rárá o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó gbìyànjú." Èsì yẹn ni mo ń retí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun." Bí obìnrin náà ṣe yí ẹ̀yìn sí mi nìyẹn.

Kí àpérò tó tú, obìnrin òyìnbó náà ti pe ọ̀gá sí ìlú wọn, kí wọ́n wá máa bá iṣẹ́ náà lọ níbẹ̀. Háà! Nínú mọ́tò, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi sọ òtítọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́? Ṣé kí n wá pè ọ́ ní òpùrọ́ lójú òyìnbó ni?"

Nígbà tí mo dé Òkukù, màmá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé mo gbé ohùn àwọn lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbọ́ ohùn mi?" Mo ní wọ́n gbọ́ ọ, mà. "Ṣé o sọ fún wọn pé ọmọ mi ni ọ́?" Mo fa abọ́ ẹ̀gúsí wọn mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn bó o.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ọ̀gá ń lọ. Mo mọ bí mo ṣe lè kọ̀wé sí obìnrin yẹn. Bí mo bá kọ ọ́, mo dójú ti ẹni tó ṣe mí lóore. Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́? Ọ̀gá á gbé ohùn ìyá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn ò sì tíì bi mí rí pé kí ni orúkọ ìyá mi.