Èmi Ni Mo So Màrìwò Mọ́ Igi Ẹmì Múfú

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò fún mi ní sísọ́ọ̀sì kí n fi gé ríbọ́ọ̀nù pupa kan lábẹ́ igi kan ní àdúgbò wa ní Ṣakí. Àwọn èèyàn yóò pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ti ibẹ̀ pa. Ohun tó gbé mi wá bá yín nìyẹn. Mi ò rí aládùúgbò tí mo lè sọ ọ́ fún, mi ò sì lè dá a gbé títí di Sátidé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó bú mi.

Opó ni mí. Mo ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àbújá ni Tólú, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń gbé. Bí iná bá lọ ládùúgbò wa tí kò dé bọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa ń ní kó lọ bá àwọn oníná. Bí akódọ̀tí kò bá wá, èmi náà ni. Mo mọ ẹ̀sùn í fi kan èèyàn. Mo máa ń sọ ọjọ́, mo máa ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mo sì máa ń dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mo gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣakí mọ̀ pé ìlú wa máa ń tètè sùn tẹ́lẹ̀. Àìpẹ́ yìí ni àwọn ilé orin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọ̀kan lẹ́yìn gáréèjì, òmíràn lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Múfú ṣí tiẹ̀ sí iwájú ilé mi. Ọmọ Tẹ̀dé ni Múfú. Ó ti pẹ́ ní Kútọnu, níbi tó ti ń ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì, kó tó padà wálé. Igi ẹmì ńlá kan wà lódìkejì títì wa, irú èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Abẹ́ rẹ̀ ni Múfú to bẹ́ǹṣì sí, ó so gílóòbù aláwọ̀ mèremère mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, ó sì pe ibẹ̀ ní Abẹ́ Ẹmì.

Orin rẹ̀ máa ń falẹ̀. Ó ń kọrin nípa ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà Ìgbòho, nípa òjò tó pẹ́ kó tó rọ̀ sí àgbàdo, nípa ìyàwó tó ní òun ń bọ̀ tí kò bọ̀ mọ́. Ó ní búlúùsì ni wọ́n ń pè é. Mo ní ariwo ni èmi ń pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀sùn mi tọ́. Sípíkà kọjú sí fèrèsé yàrá mi. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ ilé ìdáná mi. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń tọ̀ sára ògiri mi, wọ́n ń fọ́ ìgò sí ẹnu ọ̀nà mi, ọkọ̀ wọn sì ń dí géètì mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà sí Múfú létí, níṣojú àwọn tó wá gbádùn ara wọn.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: Múfú ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe. Ó yí sípíkà kọjú sí àpáta tó wà lẹ́yìn igi náà. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn. Ó gbẹ́ ṣáláńgá. Láràárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá iwájú ilé mi. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Màmá Tólú, ẹ̀sùn wo ló kù, mà?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Èmi á sì wá òmíràn. Ìbínú ti mọ́ mi lára. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun nìkan ló máa ń bá mi jí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ dí géètì mi. Mo jáde sí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ lọ sùn jàre. Ta ló ń wá yín?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Múfú ń kọrin lọ́wọ́, kò gbọ́. Mo wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, nítorí òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń wá mi.

Ọdẹ ni bàbá mi. Mo mọ iṣẹ́ tí màrìwò ń ṣe nílùú wa. Bí wọ́n bá ya imọ̀ ọ̀pẹ tútù wẹ́wẹ́ tí wọ́n so ó mọ́ ibì kan, Ògún ti gba ibẹ̀ nìyẹn. Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o, o ò ní wọ ibẹ̀, o ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tó so ó ló ń tú u.

Mo lọ sí àgbàlá bàbá mi, mo gé imọ̀ ọ̀pẹ. Mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ń ya á wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn lórí rédíò. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, mo sọdá títì, mo so ó yí igi ẹmì náà ká. Mo padà wọlé, mo po tíì, mo mu ún. Mo sì tún sùn. Oorun yẹn ló ń bà mí nínú jẹ́ jù báyìí, nítorí ó dùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Múfú gbé ìgbálẹ̀ dé. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó rí màrìwò náà, ó dúró. Ó rọra fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ojú títì.

Ó lọ bá Olú-ọdẹ. Wọ́n pè wá jọ, àwọn ọdẹ àti àwa ará àdúgbò. Bàbá Olú-ọdẹ ń bi àwọn ọdẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "Ìwọ lo so ó?" Oníkálukú ní òun kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, èmi tí mo ń mutí níbẹ̀? Ṣé òùngbẹ ni kí n fi pa ara mi ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bí kì í bá ṣe àwa la so ó, a jẹ́ pé ẹni tó so ó jù wá lọ. Mi ò ní tú ohun tí mi ò so."

Ó wá yíjú sí mi. "Màmá Tólú, iwájú ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé. Ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?"

Mo ní, "Mo ń sùn, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lérò ni pé wọn yóò máa fura sí ara wọn, pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹnì kan yóò tú u. Mi ò mọ̀ pé bí gbogbo wọn bá sẹ́, màrìwò tèmi yóò di ti ẹni tí a kò rí. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n jẹ́wọ́. Mo dìde, mo gba ilé lọ.

Èmi tí mo ka ẹ̀ṣẹ̀ Múfú sí i létí, ẹ jẹ́ kí n ka tèmi náà. Igi náà wà nínú màrìwò láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò títí wọ́n fi wa iṣu. Múfú ta sípíkà. Àwọn tó ń bá a lu ìlù lọ wá iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀, Àlhájà kan ní Tẹ̀dé, gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ, ó ń bi wọ́n nípa ètùtù Ògún. Ó ní kó má wulẹ̀ wá kí òun nígbà Iléyá. Kò lọ lóòótọ́. Ìyá Ràfíà, tó ń din dùndún lábẹ́ iná Múfú, ru agbada rẹ̀ padà sóko ọkọ rẹ̀ ní Ogbooro. Àwọn ọlọ́kadà kò dúró síbẹ̀ mọ́. Títì wa ṣókùnkùn. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo wá, mo rí i. Mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní kété lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, mo jáde lọ ra kẹrosíìnì. Mi ò rí iwájú. Mo jìn sínú gọ́tà, ẹsẹ̀ mi sì dá. Mo kígbe. Ibi tí èèyàn ti máa ń pọ̀ jù ládùúgbò wa ni mo wà, kò sì sí ẹnì kan. Èmi ni mo lé wọn lọ.

Múfú ló dá mi lóhùn. Ó sáré wá, ó wọ inú gọ́tà náà tòun ti ṣòkòtò funfun, ó gbé mi jáde. Ó ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà kan, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó sì fi ọwọ́ kan gbé ẹsẹ̀ mi sókè títí a fi dé ọsibítù. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń ráhùn pé kòtò pọ̀ jù. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ó fẹjọ́ wọn sun ìjọba lọ́la." Mo rẹ́rìn-ín nínú ìrora yẹn. Mi ò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ṣáájú rẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe nítòsí igi tí kò lè wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lòun máa ń wá jókòó sí ẹ̀bá títì, kí òun kàn máa wò ó. Ó ní, "Kí igi náà má baà gbàgbé mi, mà."

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Títí mo fi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ọjọ́ tí kò wá. Ó ń pọnmi fún mi, ó ń ta gìtá fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Ràfíà ní Ogbooro. Obìnrin yẹn dé pẹ̀lú iṣu lórí àti adìyẹ lọ́wọ́, ó sì ń sè fún mi bí ọmọ ìyá mi. Ó ní, "Ẹ jẹun, Màmá, kí agbára ẹ̀sùn lè padà." Àwọn tí mo fi ebi pa ló ń fún mi lóúnjẹ. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń dúpẹ́, omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ní báyìí, àwọn ọdẹ ti gba ètùtù lọ́wọ́ Múfú. Bàbá Olú-ọdẹ ní Ògún ti gbà á, Ògún ló sì ní kí àwọn tú u, wọ́n ti tú màrìwò náà. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní èmi ni màá ṣí ibẹ̀. Mo ní, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bó ṣe yẹ kí ibẹ̀ rí, mà. Ìjọba ti ti ilé orin tó wà lẹ́yìn gáréèjì pa torí ìdọ̀tí àti ariwo. Wọn ò lè rí ẹ̀sùn fi kan tèmi. Ẹ ti kà á tán."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé ètùtù tó tìtorí rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ jà, èmi ló yẹ kó ṣe é. Àwọn ọdẹ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó fi nǹkan Ògún parọ́. Mo ti múra láti gba ohunkóhun tí wọ́n bá dá lé mi. Mo sì lè lọ sí Tẹ̀dé lọ kúnlẹ̀ fún Àlhájà, ẹsẹ̀ mi ti gbé e. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí títì wa tún tan iná, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé èmi nìkan ni wọn kò fẹ́ rí. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ọwọ́ tó so màrìwò náà ló máa gé ríbọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ dí géètì, mo ṣì dúró lórí ẹ̀sùn mi.

Lánàá, Múfú bi mí léèrè orin tí mo fẹ́ kó fi ṣíde. Ó rò pé mi ò mọ ìkankan. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, láti inú ilé, láti ẹ̀yìn fèrèsé tí mo tì. Ti ìyàwó tó ní òun ń bọ̀ ni mo fẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un kí Sátidé tó dé. Mo fẹ́ kó ti mọ ẹni tó ń kọ ọ́ fún kó tó kọ ọ́.