Àyè Òfìfo Tí Mo Fi AA Dí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi jẹun ní Yaba títí mo fi hewú. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Sùúrùlérè ní kí n kọ ètò tí wọn yóò máa fi tọ́jú èsì àwọn èèyàn. Mo kọ kíláàsì kan. Kíláàsì dà bíi mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù: bó bá ṣe rí ni gbogbo fáìlì tó bá jáde lára rẹ̀ yóò rí. Ní àyè jẹnotáìpù, mo kọ AA sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá tíì kọ tirẹ̀. Mo ní AA náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn, yóò dín títẹ̀ kù.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi í síta, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti lè yí i padà fúnra wọn, kí wọ́n ní kó ṣófo. Ìkánjú ni. Mo rì í mọ́nú kíláàsì, mi ò sọ fẹ́nì kan.

Bísọ́lá, ọmọ ilé tó kángun sí tiwa, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì kì í so AS méjì pọ̀. Èsì ò tíì jáde tí ẹnì kan fi tẹ káàdì fún un. AA ló wà lára rẹ̀. AS ni ọkọ. Wọ́n ní kò séwu. Àṣé AS ni Bísọ́lá náà. Àkọ́bí wọn, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a sin ín.

Àǹtí Ramọ́ta tó ń kọ orúkọ ní ilé àyẹ̀wò náà ni wọ́n dá lẹ́bi. Mo wà níbẹ̀.

"Mo fi Kùránì búra, sà, òfìfo ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Iwin ló wá kọ AA síbẹ̀, àbí?"

Wọ́n lé e. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni iwin náà. Lọ́jọ́ kejì mo yọ AA kúrò, mo sì nu ojú ẹsẹ̀ mi. Àwọn káàdì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùkọ́lá, àbúrò Bísọ́lá, kúnlẹ̀ kí mi. Ó na káàdì rẹ̀ àtijọ́ sí mi, láti ilé àyẹ̀wò kan náà.

"Bàbá, AS lọkọ mi, ṣùgbọ́n AA lèmi o. Kì í ṣe obìnrin tó kọ ti ẹ̀gbọ́n mi ló kọ tèmi."

Mo ní kó tún un yẹ̀ wò.

"Ha, Bàbá! Àbí ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ ni?"

Mo ní rárá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ṣọ́ọ̀ṣì so òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pọ̀. Mi ò tíì bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì. Mo mọ ilé Bùkọ́lá, mo mọ ilé Ramọ́ta ní Mushin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́, níwájú ìyá tó sin ọmọ?