Àrùn Kejì Nínú Ẹ̀dọ̀fóró Tóyìn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá Tóyìn ọmọ mi sí. Mo kọ ẹ̀rí yìí sínú ìwé kí ohùn mi má baà já mi kulẹ̀.

Ẹ rántí ìyá Tóyìn, ìyàwó mi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti ẹ̀ dúró síbí níwájú ìjọ, a jẹ́rìí pé wọ́n ti rí ikọ́ fée lára rẹ̀, pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ibà padà, ojú tì wá. A ti jẹ́rìí, báwo la ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wa jẹ? Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fi ibà náà pamọ́. Àrùn mìíràn wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. A sin ín.

Tóyìn ń lo oògùn nítorí kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ fún un, oògùn náà sì ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Lásìkò òjò yìí, ikọ́ mú un. Ilé ìwòsàn kan n'Íkẹjà rí ikọ́ fée. Àwọn ará ti ń pè mí fún ìdúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ náà, kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀ láì dúró mí.

Ó ní, "Dádì, ẹ má tíì sọ fún wọn. Wọ́n á ní a ò nígbàgbọ́."

Ó dà bíi pé ìyá rẹ̀ gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo lọ bá dókítà. Ó ní èsì ti jáde, kí n ṣe sùúrù fún oògùn.

Mo ní, "Ṣé àrùn kan ṣoṣo ló lè wà níbẹ̀ ni?"

Ó tún ìwé èsì náà wò. "Rárá, sà. Nínú irú ara báyìí, méjì lè wà pọ̀."

Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fún ọjọ́ méjì, mi ò lè gbàdúrà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n rí ekejì: ohun tó jọ èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ jù. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì l'Ágége títí mo fi fẹ̀yìn tì! Oògùn ikọ́ fée ò lè pa á. Wọ́n fún Tóyìn ní oògùn mìíràn tó lè pa á.

Tóyìn ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ó ṣì ń wúkọ́, oògùn ṣì kù. Ògo ni fún Ọlọ́run. Bí ibà bá padà lọ́la, màá sọ fún yín lọ́la, ẹ̀rí yìí ò ní torí ẹ̀ bàjẹ́. Ẹ bá wa yọ̀, kí ẹ sì máa béèrè lọ́wọ́ wa bí ikọ́ náà ṣe ń ṣe.