Ibi Tí Ojú Ọmọ Ti Ń Pàdé

Àwa mẹ́ta la jọ wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìbà lọ sí Okokomaiko: èmi, màmá kan tó wọ gíláàsì, àti ìyàwó kékeré kan tó fi ìborùn bo ojú ọmọ jòjòló rẹ̀.

"Ṣí ojú ọmọ yẹn, ooru ń mú un," ni màmá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ètè rẹ̀ là títí dé imú, àwọn èèyàn sì máa ń wò ó. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo fà á, pé mo gbé oyún rìn nínú oòrùn ọ̀sán láì fi píìnì sáṣọ. Ọjọ́ kan péré ni mo gbàgbé o."

"Gbọ́, ọmọ mi. Ẹyin ẹja la fi ń ṣèwádìí ojú èèyàn ní yunifásítì wa. Ẹyin ọ̀hún mọ́ gaara. Tí a bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, à ń rí bí orí àti ojú ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń dá. Bíi tèèyàn náà ni: apá ọ̀tún á máa bọ̀, apá òsì á máa bọ̀, wọ́n á pàdé láàrin. Nígbà míì, wọn kì í pàdé. Píìnì kọ́ ló ń mú wọn pàdé."

"Ṣé ẹja náà máa ń rí báyìí?"

"Àwọn kan máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tìrẹ, dókítà á bá ọ rán an."

"Wọ́n á pàdé láàrin." Ìyá ọmọ tún un sọ jẹ́jẹ́, ó sì ká ìborùn kúrò lójú ọmọ náà.

"Mà," ni ìyá ọmọ náà bi í, "ta ló wá ń bú ìyá ẹja?"