Ààwẹ̀ Tí Ìyá Gbà fún Lọ́yà Amẹ́ríkà

Inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Kennington, ní ìlú òyìnbó, ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ìyá kan tó wọ sùtánà funfun, tó kó bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá, àti ọmọbìnrin rẹ̀.

"Lọ́yà rẹ yẹn ńkọ́, ará Amẹ́ríkà tó fìdí rẹmi nínú ìbò lẹ́ẹ̀mẹta, tí ò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí fóònù? Mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbààwẹ̀ fún un."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Mummy! Essay ni mò ń kọ nípa ẹ̀. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá yín!"

Ìyá yíjú sí i. "Ṣé ó wọlé kó tó kú?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó wọlé."

"O ò rí nǹkan! Ìwọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́yà lẹ́ẹ̀mejì péré, o ní o fẹ́ fi í sílẹ̀, kí o máa ṣe shift kiri."

"Ẹ má yí i lé mi lórí o. Ààwẹ̀ yín ló ṣòfò."

"Ààwẹ̀ kì í ṣòfò. Màá pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, màá kọ tìẹ síbẹ̀."

Nígbà tí a dé Peckham, ọmọ gba ọ̀rá bàtà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ má pa á rẹ́, Mummy. Ẹ kọ tèmi sábẹ́ ẹ̀."