Mo Sọ fún Ọmọbìnrin Mi Pé Kò Lọ́wọ́ Òfì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí n ó fi sọ tán. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kì bá tí sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi nígbà Iléyá tó kọjá kò jẹ́ kí n lè jẹun dáadáa mọ́.

Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tiwa, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì nílé wa. Ọmọbìnrin a máa bá wa ká òwú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní èyí tó bá ń hunṣọ kò ní í rọ́kọ fẹ́ bọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ọmọ méjì ni mo bí, Sùlé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sìdíkátù. Sùlé kò fẹ́ràn òfì rárá. Bí mo bá fi í sídìí rẹ̀, òwú á já, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo máa ń nà án. Mo ní ọkùnrin kì í sá fún iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Sìdí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dìde, aṣọ tí mo hun dé ìdajì ti parí. Sìdí ló parí rẹ̀. Etí aṣọ náà gún ju tèmi lọ. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oníbàárà mi kan, ìyá kan láti Ìbàdàn, wá gba aṣọ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Bàbá Sùlé, èyí kì í ṣe ọwọ́ yín. Ta ló hun ún?" Ó ní òun fẹ́ mú onítọ̀hún lọ sí Ìbàdàn, kó máa hunṣọ fún òun, kí òun sì rán an níléèwé.

Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní ọmọbìnrin ló ń bá mi hunṣọ. Mo ní, "Sùlé ni." Sùlé kò jiyàn. Ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ jiyàn lójú àlejò?

Ó bá ìyá náà lọ, ṣùgbọ́n kò lò ju oṣù kan ní Ìbàdàn tí wọ́n fi dá a padà. Gbogbo àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá tirẹ̀ lọ sí Kíṣí, ó ń gun ọ̀kadà níbẹ̀, kì í wálé àfi tí ẹnìkan bá kú.

Sìdí bi mí ohun tí ìyá yẹn sọ nípa aṣọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní ó kọ̀ ọ́. Mo ní ó sọ pé ẹni tó hun ún kò lọ́wọ́ òfì, pé nítorí tèmi ló ṣe mú Sùlé. Sìdí kò fọwọ́ kan òfì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo fi í fọ́kọ ní Tẹ̀dé, èlùbọ́ ló ń ṣe níbẹ̀ títí dòní.

Ní Iléyá tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ wá, Àwáwù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ náà lọ jókòó sídìí òfì mi, ó ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ láàárín òwú. Lóde òní, àwọn ọmọbìnrin ń hunṣọ káàkiri Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í dí wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ lọ kọ́ ọ. Sìdí jáde láti ilé ìdáná, ó fà á dìde.

Ó ní, "Kúrò níbẹ̀. Àwa obìnrin ilé yìí ò lọ́wọ́ òfì. Bi bàbá àgbà ẹ wò."

Ọmọ náà wò mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti pé ogún ọdún náà, òtítọ́ kò tíì bá a, torí ẹnu mi ló ti yẹ kó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kò tíì pẹ́ jù fún Sìdí. Nígbà tó ń dágbére fún mi, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu ti ba ìka rẹ̀ méjì jẹ́, wọn kò ṣeé ká mọ́. Ó ní kí n má dààmú, pé wọn ò tiẹ̀ wúlò fún nǹkan kan tẹ́lẹ̀.