Ìka Kẹfà Tí Mo Sẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè. Ẹ kà á dópin ná. Bí èpè bá ṣì wà lẹ́nu yín nígbà náà, mi ò ní lè wí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa. Kò ju gbólóhùn kan lọ, mo sì fi í tú ilé àbúrò mi ká. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ọmọ mi Tóyìn bímọ ní Ìlaròó lọ́sẹ̀ yìí, ọwọ́ òsì ọmọ náà sì ti tú mi fó.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Ayétòrò. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ máa ń sọ pé mò ń pa àwọn lẹ́rìn-ín ju bí mo ṣe ń kọ́ àwọn lọ. Irọ́ ni. Méjèèjì ni mò ń ṣe.

Délé ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá wa kú tẹ̀lé màmá wa, mo sì mú un sọ́dọ̀. Èmi ni mò ń gé èékánná rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà, gbogbo Sátidé ló ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń lá abọ́.

Ìgbà tó yá, ó fẹ́ Àjọkẹ́, aránṣọ kan ní Ìwòyè, létí bọ́dà níhà tiwa, ó sì kó lọ síbẹ̀. Sátidé wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bó bá sì wá, á kàn fọwọ́ kan oúnjẹ, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yó. Àjọkẹ́ ti ro láfún kí n tó kúrò nílé."

Láti ìgbà náà ni mo ti kórìíra láfún. Ẹ jọ̀ọ́, láfún ò ṣẹ̀ mí.

Àjọkẹ́ náà ò ṣẹ̀ mí. "Ìyá ọkọ mi" ló ń pè mí, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé tó bá ti lanu báyìí, Délé á ti máa rẹ́rìn-ín. Àwàdà rẹ̀ ò sì dùn tó tèmi. Mo ti fi wé ara wọn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, ẹnu iṣẹ́ ní Kétu ni Délé wà. Ṣọ́jà kún gbogbo ọ̀nà. Ó ní òun á dúró síbẹ̀ títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Oyún Àjọkẹ́ ti tó oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń bá wọn gbé ẹrù ni Múfú, ọlọ́kadà tó ti ń gbé àwọn méjèèjì tipẹ́. Àjọkẹ́ á di gààrí àti aṣọ fífọ̀ fún un, Délé á fi búrẹ́dì gígùn tàwọn Faransé ránṣẹ́ padà.

Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òsì Múfú. Gbogbo Ìwòyè ló mọ̀. Wọ́n á ní, "Múfú, kí lo fi èyí tó lé yẹn ń ṣe?" Á ní, "Òun ló mọ ọ̀nà ìgbẹ́ tí ṣọ́jà ò mọ̀."

Àjọkẹ́ bí obìnrin. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Délé, ó fi ránṣẹ́ sí èmi náà, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ náà la ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀. Ìka mẹ́fà ni. Ìyá Àjọkẹ́ ti ń pè é ní Olúgbódi, orúkọ tí àwọn àgbà ń sọ ọmọ tó bá bá ìka tó lé wáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí yìí. Olúgbódi ni èmi náà.

Mo bá ìka mẹ́fà wáyé, lọ́wọ́ òsì. Màmá wa, tíṣà ilé-ìwé mísọ́nnù ni wọ́n, wọn ò fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wo ọmọ àwọn ní àwòtúnwò. Wọ́n fi òwú dúdú so ó nígbà tí mo wà ní jòjòló. Ó gbẹ, ó já bọ́. Kókó kékeré bí ẹyọ ìrẹsì ló ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín mi. Délé máa ń fi ṣeré ní kékeré, Màmá á sì ní ibi tí koríko gé mi ni. Ọdún tí wọ́n máa kú ni wọ́n tó sọ òtítọ́ fún mi. Wọ́n ní bàbá tó bí àwọn náà ní in, ó ti kú kí wọ́n tó bí Délé. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún.

Mo bímọ mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé orí gbọọrọ ọkọ mi, etí ọkọ mi, títí dórí bí ọkọ mi ṣe ń sín. Ẹni tó bá rí wa á rò pé ṣe ni mo kàn ń bá ilé ọkọ mi gbé wọn pọ̀n. Ogún ọdún ni mo fi ń wá ara mi lára wọn. Wàyí o, ìka mi, èyí tí wọ́n fi òwú já, gba ara Délé kọjá, ó lọ yọ lọ́wọ́ ọmọ Àjọkẹ́.

Mo wo fọ́tò náà títí. Mi ò yọ̀. Ó rí lára mi bí ìgbà tí ẹnìkan bá wọ aṣọ mi jáde láìtọrọ, tí aṣọ náà tún wá bá a mu.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ kíláàsì àṣejáde pé ohun tí à ń jogún kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè wà lára bàbá àgbà, kó sá pamọ́ sínú ẹni tí ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá géérégé, kó tún yọ lára ọmọ onítọ̀hún. Mo yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Wọ́n dà á kọ.

Délé yọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo fọ́tò náà, ó ní, "Mùsíyé, ẹni tó ń gbé gààrí wá fún ọ náà ló gbé ìka wá." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé oyún ti wà kí wọ́n tó ti bọ́dà, ṣùgbọ́n Múfú náà ti wà.

Délé pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìka ọmọ yẹn. Ṣé ó wà nílé wa?"

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé fóònù.

Mo ní, "Nílé wa? Mi ò rí i rí."

Mo lè dúró síbẹ̀. Mi ò dúró. Mo ní, "Múfú ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ló wà?"

Ẹ wò ó, mo kàn kí ènìyàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà.

Délé ò wá sí ìkómọ. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ó gba Ìwòyè kọjá láìdúró, ó gbé àpótí rẹ̀ wá sílé mi. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn. Mo ro ẹ̀bà, mo se ọbẹ̀ ilá. Ó jẹ ẹ́, kò lá abọ́. Láti ìgbà náà, ó ń gbé Ayétòrò, kò fẹ́ ẹlòmíràn, mo sì lè ka iye ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ò fi Múfú náà sílẹ̀. Ó kó kúrò ní Ìwòyè.

Àjọkẹ́ wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ọmọ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi, ó di ọwọ́ òsì mi mú.

"Ìyá ọkọ mi, ẹ bá mi rò ó dáadáa. Bóyá àǹtí kan, bóyá bàbá àgbà kan. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ní in. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn."

Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí kókó náà gan-an. Kò mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Ọmọ náà yọ ọwọ́ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń fi ìka mẹ́fà fa gèlè ìyá rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi kúrò. Mo ní mo ní kíláàsì. Sátidé ni.

Lọ́sẹ̀ yìí wá ni Tóyìn bímọ. Èmi ni mò ń wẹ ọmọ. Mo la ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú omi, mo bá a níbẹ̀. Ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Òwú dúdú lohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo ti já a, mo ti ká a mọ́ ìka ara mi, nígbà tí ọkọ Tóyìn àti ìyá rẹ̀ wọlé.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ bá wa wádìí nílé yín o. Márùn-ún márùn-ún là ń bí nílé tiwa." Ó fi ẹ̀rín sí i. Ọkọ Tóyìn ò rẹ́rìn-ín. Ó tún ìka náà kà, ó sì wo ojú Tóyìn.

Kíá ni mo na ọwọ́ òsì mi síta. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Tèmi ni. Bàbá tó bí ìyá mi náà ní in." Obìnrin náà fọwọ́ kàn án, ó ní, "Áà, ẹ ti kó mi lọ́kàn sókè lásán." Ọkọ Tóyìn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Tóyìn dúró títí wọ́n fi jáde. "Màmá, Àǹtí Àjọkẹ́ ńkọ́?"

Mo ń tú òwú dúdú náà kúrò ní ìka mi.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi ò ní in, ẹ ò bá má sọ ọ́ títí ẹ ó fi kú."

Àná nìyẹn, òótọ́ ló sì sọ.

Ọ̀túnla ni ìkómọ. Délé ń bọ̀. Tóyìn ní bí mi ò bá sọ fún un kó tó dé, òun á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, òun á sì ní kó kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Délé ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, tí kò ní ẹlòmíràn lẹ́yìn mi mọ́, àbí kí n gba Ìwòyè lọ lọ́la, kí n lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi? Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè lé mi. Wọ́n jàre.

Olúgbódi ọmọ Àjọkẹ́ ti wà nílé-ìwé báyìí. Mo gbọ́ pé tí tíṣà bá ní kí wọ́n ka ìka ọwọ́ wọn, mọ́kànlá ló máa ń pè, kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyá rẹ̀. Bó bá gbà mí láyè, tí kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo fẹ́ jókòó ti ọmọ náà, kí n na ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí n sọ fún un pé ó kà á dáadáa, pé mọ́kànlá ni wọ́n bí èmi náà mọ́.